Báàgì Dúdú Orí Ìlà

Lọ́jọ́ tí Lukman ọkọ mi sọ pé tí wọn ò bá gbà mí síṣẹ́ pátápátá kí oṣù yìí tó parí, ńṣe la máa kó ẹrù wa padà sí Ìkìrun, ńṣe ni mo ń wò ó. Kì í ṣe pé mò ń bínú. Ọ̀rọ̀ náà ni kò yé mi. Èmi tí wọ́n bí sí Ifọ̀, tí mo wá ń gbé ní Mowé, báwo ni mo ṣe fẹ́ "padà" sí Ìkìrun? Ẹni tó bá ti ibì kan wá ló ń padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Lukman kì í ṣe aláriwo. Táìlì ló máa ń tò fáwọn tó ń kọ́lé tuntun ní Màgbòrò àti Ìbafò, iṣẹ́ ò sì fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́. Bàbá rẹ̀ nílé sílẹ̀ ní Ìkìrun, yàrá sì ṣófo níbẹ̀. Tí Lukman bá ti fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, tó sì lọ ra okùn ìdìrù, kí èèyàn yáa mọ̀ pé ó ti pinnu.

Èmi ò fẹ́ lọ. Mo fẹ́ràn Mowé pẹ̀lú gbogbo ẹrẹ̀ rẹ̀. Àdúgbò mi nìyẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ mí. Torí náà, gbogbo ọ̀rọ̀ wá dọwọ́ iṣẹ́ mi.

Iṣẹ́ mi ni pé kí n máa to èrò sórí ìlà ní pápákọ̀ òfurufú ńlá tó wà l'Ékòó, nínú gbọ̀ngàn táwọn tó ń lọ sókè òkun ti máa ń fi ẹrù wọn sílẹ̀ ní káńtà. Ọmọ́títí lorúkọ mi. Tẹ́ ẹ bá ti gba ibẹ̀ kọjá rí, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbọ́ ohùn mi: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tò síbí." Ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Gbérọ̀rùn ló gba iṣẹ́ gbọ̀ngàn náà ṣe, àwọn ló sì gba èmi náà, àmọ́ fún ìgbà díẹ̀ ni. Ẹni ìgbà díẹ̀ kì í fọkàn balẹ̀. Tí ọ̀gá bá wúkọ́, wàá máa rò ó pé ìwọ ló ń wúkọ́ sí.

Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọládayọ̀, pè wá sípàdé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní àjọ tó ń mójú tó bí wọ́n ṣe ń ṣe sí èrò ní pápákọ̀ ti gbé ìlànà tuntun jáde, gbogbo ilé-iṣẹ́ tó bá ń báni ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí pásẹ́ńjà," ó ní, "ṣùgbọ́n ẹ má rẹ́rìn-ín jù, kó má dà bíi pé ẹ fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ẹ kí wọn dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìkíni dá ìlà dúró. Ẹ máa wojú wọn, ṣùgbọ́n ẹ má tẹjú mọ́ wọn. Pásẹ́ńjà kankan ò sì gbọdọ̀ dúró pẹ́ lórí ẹsẹ̀, pàápàá àwọn àgbàlagbà."

Mo nawọ́, mo dìde. "Ọ̀gá, tí láìnì bá wá gùn ńkọ́? Kò sí àga nínú láìnì."

"Ohun tí wọ́n ń pè ní sáfíìsì nìyẹn, Ọmọ́títí. Ẹ lo ọpọlọ yín."

"Ọ̀gá, ṣé ká gbé àga wá ni?"

"Àga á dí ọ̀nà. Ẹ má gbé àga kankan wá."

Mo jókòó. Kí èrò má dúró, kí àga má sì sí. Mo wo àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń mi orí bíi pé ó yé wọn. Irọ́ ni wọ́n ń pa, kò yé ẹnì kankan.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá sọ èyí tó da orí wa rú pátápátá. Ó ní àwọn olùbẹ̀wò ń bọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á múra bí èrò, wọ́n á gbé ẹrù bí èrò, wọ́n á tò bí èrò, wọ́n á sì máa wo gbogbo ohun tá a bá ń ṣe. Máàkì tí wọ́n bá fún wa ló máa sọ bóyá iṣẹ́ náà á ṣì wà lọ́wọ́ Gbérọ̀rùn. Ó ní tá a bá yege, òun á mú àwọn kan lára àwa ẹni ìgbà díẹ̀ wọlé pátápátá. Ojú mi ló ń wò nígbà tó sọ ìyẹn, àbí ojú ẹni tó wà lẹ́yìn mi ni, mi ò mọ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá kan sín, èèyàn mẹ́ta ló sáré fún un ní bébà ìnujú. Èmi náà fẹ̀rín músẹ́ sin ọkùnrin kan láti ẹnu ọ̀nà dé káńtà, mo bi í bóyá ọ̀nà dáa, bóyá ó rẹ̀ ẹ́, mo fẹ́ bá a gbé àpótí ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó wá tún iná ṣe ni, irinṣẹ́ ló wà nínú àpótí náà. Múdàṣírù, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀ṣọ́ ààbò tó máa ń dúró lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Ọmọ́títí, èlétíríṣíànì lò ń kúnlẹ̀ kí yẹn o!"

"Ṣé ó dá ẹ lójú pé kì í ṣe òun ni wọ́n rán wá?" ni mo fi dá a lóhùn. Kò dá òun náà lójú.

Nílé, Lukman ti ń kó àwọn nǹkan tá a kì í sábà lò sínú báàgì, ó ń tò wọ́n sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kò bá mi jà, kò bú mi. Ńṣe ló kàn ń dì wọ́n.

Níbi omi Alhaja Mùnírátù ni ọgbọ́n ti wá bá mi. Alhaja ló ni ilé tá à ń gbé, àwọn baba wọn ló ni ilẹ̀ àdúgbò yẹn kí àwa àlejò tó dé, Ẹ̀gbá sì ni wọ́n fi ń bá gbogbo wa sọ̀rọ̀. Bọ́ọ̀hóòlù wọn ni gbogbo àdúgbò ti ń pọnmi. Tí iná bá dé, wọ́n á tan ẹ̀rọ, omi á máa jáde lẹ́nu páìpù kan ṣoṣo. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Kò sẹ́ni tó ń dúró lórí ìlà níbẹ̀, kẹ́ẹ̀gì ló ń dúró. Wàá gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ sẹ́yìn tẹni tó o bá níbẹ̀, wàá sì lọ máa ṣe nǹkan tó o fẹ́ ṣe. Àwọn kan á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, àwọn kan á lọ gbé ọbẹ̀ kaná. Tí ìlà bá sún, tí o ò sì sí níbẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ á ti kẹ́ẹ̀gì rẹ síwájú kó tó ti tara ẹ̀. Kò gbọdọ̀ fò ọ́. Ìgbà kan wà tí ìyá kan fo kẹ́ẹ̀gì èèyàn torí pé ẹni tó ni ín ò sí níbẹ̀. Títí dòní, tó bá ń kọjá, ńṣe ni wọ́n máa ń ní, "Ẹ rọra o, kí Ìyá Afòlà má fò yín."

Ní Sátidé yẹn, mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mò ń wo kẹ́ẹ̀gì. Ofeefee, búlúù, ofeefee, funfun tó ti dọ̀tí. Ìlà tó gùn dé ẹnu géètì, kò sì sí èèyàn kan lórí ẹsẹ̀. Àwọn àgbàlagbà ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àfi bí mo ṣe dìde lójijì.

"Kí ló ta ọ́?" Alhaja bi mí.

"Alhaja, wọ́n ní kí èèyàn má dúró, kí àga má sì sí!"

"Àwọn wo?"

Mi ò lè ṣàlàyé fún wọn. Àmọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìpàdé yẹn, nǹkan kan yé mi, inú mi sì dùn.

Lọ́jọ́ Ajé, kọ̀ǹpútà káńtà kú. Àwọn tó ń lọ sí London ti dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ìyá àti bàbá tó ń lọ wo ọmọ tuntun tí àwọn ọmọ wọn bí. Ìlà bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu káńtà, ó yí òpó, ó dé ibi táwọn ẹ̀ṣọ́ dúró sí. Ìyá kan wà láàárín, wọ́n wọ bùbá olómi aró, wọ́n di ọ̀pá ìtilẹ̀ mú, wọ́n ń fọwọ́ pa orúnkún wọn. Mo lọ bá wọn, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìdúró, Mọ́mì. Ẹ gbé báàgì yín sílẹ̀ síbí, kẹ́ ẹ lọ jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ́hùn-ún. Tí láìnì bá ti ń sún, a máa bá yín sún un."

Wọ́n wò mí, wọ́n wo báàgì búráhùn wọn. "Ṣé kò séwu?"

"Kò séwu, Mọ́mì. Bíi ti kẹ́ẹ̀gì ni."

Ẹ wò ó, mi ò ní láti ṣàlàyé fún ẹlòmíì mọ́. Bí bàbá tó wà lẹ́yìn wọn ṣe gbọ́ "kẹ́ẹ̀gì", ó gbé àpótí tirẹ̀ kalẹ̀, ó rìn lọ sórí àga. Ẹni tó tẹ̀ lé e ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Kò pẹ́ rárá tí gbogbo ìlà fi di kìkì ẹrù: àpótí, báàgì, páálí tí wọ́n fi sẹ̀lótéèpù dì, garawa gààrí kan tí wọ́n fi aṣọ wé. Àwọn tó ni wọ́n ti lọ jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ ọmọ àti àna. Nígbà tí kọ̀ǹpútà jí, tí ìlà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sún, kò sí àríyànjiyàn, kò sí "èmi ló kàn". Ẹni tó bá kàn á dìde, á lọ sí káńtà, àwọn kan á sì bá àwọn yòókù ti ẹrù síwájú.

Ọ̀gá wa jáde láti ọ́fíìsì, ó dúró. Ó wo ẹrù, ó wo àga, ó tún wo ẹrù. Mo rí i pé òun náà ò mọ̀ bóyá kí òun yìn mí ni àbí kí òun jágbe mọ́ mi. Níkẹyìn ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe púpọ̀, bí ìlànà ṣe wí, ó sì padà wọlé.

Ohùn obìnrin kan wà tó máa ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn níbẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ó sọ ọ́ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Mo ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò gbọ́ ọ mọ́. Tí mo bá tiẹ̀ gbọ́ ọ, màá ní kò sẹ́ni tó fi ẹrù sílẹ̀, ṣebí iwájú wọn ni gbogbo ẹ̀ wà.

Báàgì dúdú kan wá wà láàárín ìlà. Kò tóbi, kò kéré. Nígbà tí ìlà sún, tí ẹni iwájú rẹ̀ ti lọ, kò sẹ́ni tó tì í. Mo wojú àwọn tó jókòó.

"Ta ló ni báàgì dúdú yìí o?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo ní bóyá ẹni tó ni ín ti lọ tọ̀. Kí ni ọmọlúàbí máa ṣe? Mo bá a tì í síwájú. Ìlà tún sún, mo tún bá a tì í. Bàbá kan ní, "O ṣeun, ọmọ mi, Ọlọ́run á máa bá ìwọ náà ti tìẹ síwájú." Inú mi dùn sí àdúrà yẹn gan-an. Ìgbà tí báàgì náà fi máa dé iwájú, mo ti fọwọ́ ara mi gbé e sẹ́bàá káńtà, kí ẹni tó ni ín má báa pàdánù ààyè rẹ̀.

"Ẹni tó kàn!" ni ọmọbìnrin káńtà wí.

Kò sẹ́ni tó dìde.

"Ta ló kàn? Ta ló ni báàgì yìí?"

Àwọn tó jókòó ń wo ara wọn. Mo wo bàbá tó ṣàdúrà fún mi, ó gbọn orí. Múdàṣírù ti rìn wá, kò sì rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

"Ọmọ́títí, ta ló gbé e síbí?"

"Èmi ni."

"Tìẹ ni?"

"Rárá."

"Ta ló wá ni ín?"

"Mi ò mọ̀."

"O ò mọ̀, o wá gbé e?"

Ìgbà yẹn gan-an ni ohùn obìnrin inú ẹ̀rọ yẹn tún sọ̀rọ̀, mo sì gbọ́ ọ. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Múdàṣírù fun fèrè. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn jáde, kíá. Àwọn ìyá tí orúnkún ń dùn sáré. Kò sẹ́ni tó ráyè gbé nǹkan kan, torí náà gbogbo ìlà ẹrù yẹn ló kù sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn tó ṣófo, kò sí ẹnì kankan tó ń wò wọ́n. Báàgì kan ni kò lẹ́ni tẹ́lẹ̀. Ó wá di gbogbo wọn. Àwọn tó ń fi ajá wá bọ́ǹbù dé, wọ́n mú ajá wọlé. Àwa dúró síta nínú oòrùn, lórí ẹsẹ̀, àgbà àtọmọdé. Bàbá tó ṣàdúrà fún mi ń wò mí láti ọ̀ọ́kán. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo lè gbé e sí.

Ìgbà tí àwọn alájá jáde, wọ́n ní ìwé ìròyìn àtijọ́ àti ṣọ́ọ̀lù kan ni wọ́n bá nínú báàgì dúdú náà. Ìgbà náà ni ìyá tó wọ bùbá olómi aró rìn gba àárín èrò kọjá. Wọn ò ti ọ̀pá mọ́. Orúnkún tó ń dùn wọ́n láàárọ̀ ti san, wọ́n ń rìn ṣánṣán bí ọmọge. Wọ́n lọ bá Ọ̀gá Ọládayọ̀, wọ́n fi káàdì kan hàn án.

"Èmi ni mo ni báàgì dúdú yẹn," wọ́n ní.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì ọ̀gá. Ìyá náà jókòó níbẹ̀. Ìyáàfin Ògúnkànmí lorúkọ wọn, ọ̀gá nínú àwọn olùbẹ̀wò àjọ náà ni wọ́n. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì dúró síbi ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní kí n jókòó.

"Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́," wọ́n bẹ̀rẹ̀. "Mo ti ṣe bí ẹni tí orúnkún ń dùn ní oríṣiríṣi pápákọ̀. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó ní kí n lọ jókòó láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Ní ti ìtọ́jú èrò, gbogbo máàkì tó wà níbẹ̀ ni mo fún ẹ."

Ọkàn mi fò sókè. "Ẹ ṣé, Mọ́mì. Ẹ ṣé gan-an."

"Mi ò tíì parí. Mi ò sì tíì rí i rí kí òṣìṣẹ́ pápákọ̀ máa fọwọ́ ara rẹ̀ gbé báàgì tí kò mọ ẹni tó ni ín, kó gbé e dé ẹnu káńtà. Báàgì tí mo gbé síbẹ̀ láti fi wò yín ni. Ní ti ààbò, òdo ni mo fún ẹ. Tí òdo tó kéré jùyẹn lọ bá wà, òun ni mi ò bá fún ẹ."

Mi ò mọ bóyá kí n sunkún ni àbí kí n tún dúpẹ́. Ọ̀gá ń wo tábìlì.

"Mọ́mì," mo ní, "tí mo bá fi í sílẹ̀ síbi tó wà, àwọn tó wà lẹ́yìn á ti fò ó. Ẹni tó ni ín á ti pàdánù ààyè rẹ̀."

"Ta lẹni tó ni ín?"

"Mi ò mọ̀ nígbà yẹn."

"Kí ló dé tó o wá bá a tì í?"

"Torí pé kò sí níbẹ̀ ni, Mọ́mì."

Mo rò ó pé wọ́n máa bínú, ṣùgbọ́n ojú wọn kàn rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀.

"Ìdí tí kò fi yẹ kó o fọwọ́ kàn án gan-an nìyẹn," wọ́n ní.

Ọ̀rọ̀ náà yé mi, kò sì yé mi. Mo ṣì ń rò ó títí di bí mo ṣe ń sọ fún yín yìí. Nǹkan kan náà ló jẹ́ ìdí mi láti gbé e, òun ló sì jẹ́ ìdí tí wọ́n fi ní kí n má gbé e. Kò sẹ́ni tó ń purọ́ nínú àwa méjèèjì.

Nígbà tí wọ́n lọ, ọ̀gá sọ ìdájọ́ fún mi. Àjọ náà ní kí Gbérọ̀rùn jẹ́ kí n máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó kù bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àgbàlagbà. Àjọ yẹn kan náà ló ní mi ò gbọdọ̀ wọ gbọ̀ngàn mọ́. Ó nawọ́ sí mi kí n dá káàdì ìdánimọ̀ mi padà.

"Ọ̀gá, tí mi ò bá lè wọlé, níbo ni màá ti máa kọ́ wọn?"

"Wọn ò sọ."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ni àbí mi ò sí níbẹ̀ mọ́?"

Ó họ orí. "Ọmọ́títí, n ò ní purọ́ fún ẹ. Èmi gan-an ò tíì mọ̀. Máa lọ sílé ná."

Mo bọ́ káàdì lọ́rùn mi, mo gbé e sórí tábìlì, mo lọ sílé. Nínú ọkọ̀, láti Bẹ́gà títí a fi kọjá Ìbafò, ohun tí mò ń wá ni ohun tí màá sọ fún Lukman. "Wọ́n gbà mí" kọ́, "wọ́n lé mi" náà kọ́. Ìbínú ń gùn mí, mi ò sì mọ ẹni tí mo fẹ́ bínú sí. Ìyá yẹn ò ṣe mí ní nǹkan kan àfi iṣẹ́ wọn. Èmi náà ò ṣe nǹkan kan àfi ohun tí wọ́n fi tọ́ mi.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́ nígbà tí mo dé Mowé. Mo rántí pé mo ti gbé kẹ́ẹ̀gì mi sórí ìlà láàárọ̀ kí n tó jáde, mo sì ti rò pé màá tètè dé. Iná ti lọ, wọ́n ti pa ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé kẹ́ẹ̀gì mi á ṣófo, a ò sì ní omi kankan nílé. Mo yà síbẹ̀ kí n kàn mú un.

Kẹ́ẹ̀gì mi wà lẹ́bàá páìpù. Mo fẹsẹ̀ kàn án, kò mì. Ó kún dé ọrùn, wọ́n sì ti dé e.

Àwọn kan ṣì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, Alhaja wà láàárín wọn.

"Ta ló bá mi pọn ọ́n?" mo bi wọ́n.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹnì kan ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n ni. Ta ló pọn ọ́n fún mi?"

Alhaja wò mí bíi pé orí mi ò pé. "Mi è mọ̀. Ṣé o fẹ́ mọ ẹni tó pọn ọ́n ni, àbí o fẹ́ gbé e lọlé?"

Kò sẹ́ni tó sá. Kò sẹ́ni tó fun fèrè. Mo dúró níbẹ̀ bí ọ̀dẹ̀, mo bú sẹ́kún lójú gbogbo wọn, wọ́n sì jẹ́ kí n sunkún mi. Ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà dìde, ó bá mi gbé kẹ́ẹ̀gì náà lé orí, ó padà lọ jókòó.

Mo dé ẹnu ọ̀nà wa. Báàgì Lukman ti kún ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó ti fi okùn tuntun dì wọ́n. Òun jókòó lórí ìjókòó pẹ́ńpẹ́ kan, ó ń dúró dè mí.

"Ṣé wọ́n gbà ẹ́ àbí wọn ò gbà ẹ́?"

"Mi ò mọ̀," mo ní.

"Báwo lo ò ṣe ní mọ̀? Èwo nínú ẹ̀?"

Mo sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀. Mo tẹ̀ ba, mo gbé báàgì tó wà lókè pátápátá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e padà sínú yàrá.

"Ọmọ́títí, ta ló ní kó o fọwọ́ kan báàgì yẹn?"

Mo dúró, mo wojú rẹ̀.

"Eléyìí," mo ní, "mo mọ ẹni tó ni ín."

Mo gbé e wọlé, mo sì padà wá gbé èkejì.